Asà Ìdílé Chaucer ní Ewelme

Abúlé kékeré ni Ewelme ní agbègbè Oxfordshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì Màríà Mímọ́ tó wà níbẹ̀ ni a ti ka ìtàn ìdílé kan lára òkúta.

Thomas Chaucer, ọmọ akéwì Geoffrey Chaucer, kú ní 1434. Òun àti Matilda aya rẹ̀ jọ wà nínú ibojì kan. Wọ́n fi idẹ ya àwòrán wọn sórí rẹ̀, asà aláwọ̀ kéékèèké sì yí i ká. Oríkì ni àwọn asà náà, oríkì tí a fi àmì kọ dípò kí a fi ohùn ké e: ó sọ ilé tó bí wọn àti ilé tí wọ́n bá dána.

Kìnnìún onírù méjì ni àmì ilé Matilda. Àgbá kẹ̀kẹ́ mẹ́ta ni ti Thomas, ṣùgbọ́n kò jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ baba. Ti ilé Philippa Roet, ìyá rẹ̀, ni, ìdílé tó ti Hainaut wá, níbi tí Faransé àti Bẹ́ljíọ̀mù ti pààlà lónìí. Àwa tí a gbọ́ Faransé kò wá ògbufọ̀: bí a ti gbọ́ Roet ni a rántí *roue*. Títí di òní, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí àwọn amòye bá ń ka asà, wúrà ń jẹ́ *or*, fàdákà ń jẹ́ *argent*.

Nítòsí wọn ni Alice ọmọ wọn wà, aya ìjòyè ńlá Suffolk, tó kú ní 1475. Lókè, ère rẹ̀ dé adé, ó pàtẹ́wọ́ àdúrà, àwọn áńgẹ́lì sì gbé asà ìdílé dání. Nísàlẹ̀, ère mìíràn fi òkú rẹ̀ hàn, ó gbẹ, ó ku egungun. Ẹni tó bá fẹ́ rí i dáadáa gbọ́dọ̀ wólẹ̀.

Àwọn asà náà kò dáàbò bo ìdílé yìí. Wọ́n bẹ́ William ọkọ Alice lórí lójú òkun ní 1450. Wọ́n bẹ́ Edmund, ọmọ ọmọ rẹ̀, lórí ní 1513. Richard, àbúrò Edmund, kú sójú ogun ní Pavia ní 1525.

Ṣùgbọ́n ní 1437, Alice àti William ti gbàṣẹ ọba láti dá ilé sílẹ̀ fún tálákà mẹ́tàlá àti àlùfáà méjì, kí ọ̀kan nínú àwọn àlùfáà náà máa kọ́ àwọn ọmọdé. Àwọn ènìyàn ṣì ń gbé ilé náà. Àwọn ọmọdé ṣì ń kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ní Ewelme, ilé ọlá ti tán, ilé ẹ̀kọ́ ló kù.