Ọkọ̀ Fáíbà Àlòkù: Ohun tí Mo Máa Ń Wò

Ọ̀dà tuntun lára ọkọ̀ apẹja àlòkù máa ń mú mi fura. Ẹja ò mọ ọkọ̀ tó dán yàtọ̀ sí èyí tó ṣá, nítorí náà ta ni wọ́n kun ọkọ̀ náà fún bí kò ṣe ẹni tó fẹ́ rà á? Ní etí ọ̀sà wa yìí, láti Ẹ̀pẹ́ dé Badagry, ọ̀dà búlúù ti bo ọ̀pọ̀ ibi tí òkúta tàbí èèkàn inú omi ti gbá ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Òwúrọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ló dáa láti lọ wò ó, nígbà tí oòrùn ṣì rẹlẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lára ọkọ̀ ló ń fi ojú ibi tí wọ́n ti fi pọ́tì dí hàn. Oòrùn ọ̀sán gangan a máa bò ó mọ́lẹ̀.

*

Fáíbà fúnra rẹ̀ kì í jẹrà. Òwú dígí ni, résìn ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ray Greene, ará ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, ti fi irú rẹ̀ ṣe ọkọ̀ ní 1942. Igi tí wọ́n fi sínú ọkọ̀ fáíbà ló ń jẹrà. Ẹ lọ sí ìdí ọkọ̀, níbi tí wọ́n ń gbé ẹ̀ńjìnnì kọ́: plywood ló wà nínú, fáíbà bò ó tinú tòde. Bí ẹni tó lu ihò bóòtù síbẹ̀ kò bá dí i dáadáa, omi á gba ojú ihò yẹn wọlé, igi á máa rà nínú, òde á ṣì máa dán. Ọwọ́ sikurudíráfà ni kí ẹ fi kàn án, díẹ̀díẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀, láti ọwọ́ ọ̀tún dé òsì. Ibi tó le á dún kó, kó. Ibi tó ti rà á dún bù, bù, ẹ̀yin náà á sì gbọ́ ọ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ńjìnnì sókè, ẹ há a síbẹ̀, kí ẹnìkan fara tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹlòmíì sì tẹjú mọ́ ìdí ọkọ̀. Bí ó bá ń mì, tàbí tí omi dúdú ń sun jáde lẹ́bàá bóòtù, ọ̀rọ̀ ẹ̀ńjìnnì kò tíì kàn. Àtúnṣe ibẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ kékeré: wọ́n á gé fáíbà inú kúrò, wọ́n á ha igi jíjẹrà dànù, wọ́n á dúró kí gbogbo rẹ̀ gbẹ, kí wọ́n tó to plywood tuntun, kí wọ́n sì tún fi fáíbà bò ó. Ẹni tó bá ní ọjọ́ kan lòun máa fi ṣe é, ọ̀dà ló fẹ́ kùn.

*

Ẹ bọ́ bàtà kí ẹ tó rìn nínú ọkọ̀ náà. Àtẹ́lẹsẹ̀ yín á mọ ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ ti rọ̀.

*

Ìléròrò tó ń yọ lára ọkọ̀ tó ń gbé inú omi tọ̀sán-tòru máa ń já olùrà láyà ju bó ṣe yẹ lọ. Omi ló rọra wọ abẹ́ àwọ̀ òde. Bí ẹ bá gún un, omi tó ní òórùn kíkan á jáde. Bí wọn ò bá pọ̀, tí wọn ò sì tóbi, ẹ kàn fi bá olùtà dín owó kù.

Èyí tó yẹ kó já yín láyà ni ojú sísán. Bí ó bá jẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ láti ojú kan ṣoṣo káàkiri, nǹkan ló gbá a níbẹ̀. Ẹ wo inú ọkọ̀ ní ìdojúkọ ibẹ̀ bóyá ó là wọlé. Bí ó bá sì jẹ́ èyí tó gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ara ọkọ̀ náà ti ń tẹ̀ nígbàkígbà tó bá ń lu ìgbì. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó dídín mọ́.

*

Ní 1961, ìwé ìròyìn Life gbé àwòrán Dick Fisher, ẹni tó dá Boston Whaler sílẹ̀, jáde: ó jókòó nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń fi ayùn gé sí méjì, ọkọ̀ náà kò sì rì. Fóòmù tó wà láàárín fáíbà méjì ló gbé e dúró. Fóòmù kan náà, tí omi bá fi ọ̀pọ̀ ọdún wọ inú rẹ̀, a máa di ẹrù tí kò ṣeé gbé sọ̀kalẹ̀. Ọkọ̀ tí kò gbé nǹkan kan tó sì rì wọ omi ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ bi í léèrè ohun tó mu.

*

Olùtà kan ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ẹ fa okùn ẹ̀ńjìnnì wò, ẹ̀ẹ̀kan péré, á dáhùn.”

Mo gbé ọwọ́ lé ẹ̀ńjìnnì, ó gbóná. “Àbúrò, jẹ́ kó sinmi ná. A ń lọ jẹun, a ń bọ̀.”

Ẹ̀ńjìnnì tó tutù nìkan ló ń sọ bó ṣe ń jí.

*

Enduro 40 ti Yamaha ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn apẹja tí mo mọ̀. Ilé iṣẹ́ yẹn ti ń ṣe ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi láti 1960, nígbà tí wọ́n gbé P-7 jáde. Two-stroke ni Enduro, a gbọ́dọ̀ po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀. Kí n tó tú nǹkan kan, mo máa ń bi olùtà bó ṣe ń po tirẹ̀. Ẹni tó ní lítà ọ́ìlì kan sí 50 lítà epo, tàbí tó ní òun ń tẹ̀ lé ìwé rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeé gbọ́. Ẹni tó ní “ojú ni mo fi ń wọ̀n ọ́n” ti sọ fún mi bí písítìnì ṣe máa rí.

Ẹ tú plọ́ọ̀gì. Àwọ̀ búráùn bí ilẹ̀ dáa. Dúdú tó tutù rinrin ń sọ pé ọ́ìlì tàbí epo pọ̀ jù. Funfun ń sọ pé ó ń gbóná kọjá ààlà. Kí mẹkáníìkì fi géèjì wọn agbára sílíńdà méjèèjì. Kí wọ́n bára dọ́gba ṣe pàtàkì ju iye tí géèjì bá kà lọ: bí ọ̀kan bá ka 120, tí èkejì ka 95, ẹ̀ńjìnnì yẹn ti ń fi ẹsẹ̀ kan rìn.

*

Ẹ tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ilé jíà díẹ̀. Ọ́ìlì tó bá jáde bí ẹ̀kọ mímu, omi ti wọ ibẹ̀.

*

Omi tó ń tọ̀ jáde lẹ́yìn ẹ̀ńjìnnì gbọ́dọ̀ le, kó má máa já. Bí kò bá le, rọ́bà tó ń fa omi ti gbó, tàbí nǹkan dí ọ̀nà: ọ̀rá pure water, iyọ̀ tó di yangí, ewéko ojú omi tó ti ń yọ apẹja ọ̀sà wa lẹ́nu láti 1984. Ọ̀sà Èkó ń yí padà. Nígbà òjò, omi dídùn borí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ gòkè. Mo máa ń béèrè bóyá olùtà ń fi omi dídùn fọ inú ẹ̀ńjìnnì lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn. Díẹ̀ ló ń dáhùn kíákíá.

*

Ìdánwò tí olùtà fẹ́ràn ni ènìyàn méjì nínú ọkọ̀ òfìfo. Èyí kò wúlò. Ẹ kó ẹrù yín wọlé: ènìyàn mẹ́rin, àwọ̀n, yìnyín, epo. Ẹ jẹ́ kí ó sáré tán pátápátá, kí ẹ ka yíyí ẹ̀ńjìnnì. Bí ìwé rẹ̀ bá ní 4,500 sí 5,500 ní ìṣẹ́jú kan, tí ó kan dúró sí 3,900, pùròpẹ́là náà wúwo jù fún un, tàbí kí agbára ti tán nínú ẹ̀ńjìnnì. Bí a bá dín pitch pùròpẹ́là (ibi tí yíyí kan lè tì í dé) kù ní íńṣì kan, yíyí a máa lé ní bíi 150 sí 200. Bí ẹ̀ńjìnnì bá ń ké tí ọkọ̀ kò sì lọ, ẹ wo rọ́bà inú pùròpẹ́là bóyá ó ń yọ̀, kí ẹ sì wo bóyá ẹ̀ńjìnnì ga jù ní ìdí ọkọ̀ débi tó fi ń fa afẹ́fẹ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀ńjìnnì kúkúrú wà fún ìdí ọkọ̀ íńṣì 15, èyí tó gùn wà fún 20; wọ́n máa ń so ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú mọ́ ìdí gíga, kí wọ́n sì máa bú Yamaha.

Fóònù yín á sọ eré rẹ̀. Ẹ lọ ní ìdojúkọ ìṣàn omi, ẹ padà pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ ro iye méjèèjì pọ̀, kí ẹ pín in sí méjì. Olùtà á fi èyí tó ń bá ìṣàn lọ hàn yín nìkan.

*

Nọ́ńbà ẹ̀ńjìnnì Yamaha wà lára àwo kékeré ní apá òsì ibi tí wọ́n ti ń dè é mọ́ ọkọ̀. Àwọn olè orí omi ń gba ẹ̀ńjìnnì lọ́wọ́ àwọn apẹja Ìlàjẹ àti àwọn mìíràn, ibì kan ni wọ́n sì ti ń tà á. Bí wọ́n bá ti ha àwo yẹn, mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ olùtà, mo sì máa ń lọ.

*

Owó ọkọ̀ lọ́tọ̀, owó ẹ̀ńjìnnì lọ́tọ̀: bí mo ṣe ń ná an nìyẹn. Olùtà kì í fẹ́ ẹ, nítorí ẹ̀ńjìnnì tó ń tọ omi dáadáa ló máa ń fi gbé ìdí ọkọ̀ tó ti rà tà. Bí ó bá kọ̀, mo máa ń ní kí wọ́n tú ẹ̀ńjìnnì sílẹ̀, kí n fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.