Bí Mo Ṣe Kọ́ Iṣẹ́ Ògbufọ̀ ní Belgrade

Ẹni tó bá fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ láti inú Yorùbá bọ́ sínú èdè Serbia gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ọkùnrin ló ń sọ̀rọ̀ tàbí obìnrin. “Mo ti dé” tó tó fún wa kò tó fún àwọn ará Serbia. Ọkùnrin á ní došao sam, obìnrin á ní došla sam. Ohun tí olùkọ́ mi kọ́kọ́ tẹnu mọ́ ni pé ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni ògbufọ̀ ń yá: bí obìnrin bá ń ṣògbufọ̀ fún ọkùnrin, došao sam ni yóò wí.

Lẹ́yìn náà la dé ìdí àwọn ọ̀rọ̀ tó parí sí a. Abo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn: žena (obìnrin), kuća (ilé). Ṣùgbọ́n ọkùnrin ni Nikola Tesla, ẹni tí àwòrán rẹ̀ wà lára owó 100 dínárì. Ìparí orúkọ Nikola ń yí padà bíi ti ọ̀rọ̀ abo, síbẹ̀ Nikola je došao ni wọ́n ń wí. Ẹni tó ń jẹ́ orúkọ ni ọ̀rọ̀-ìṣe ń tẹ̀lé. Sudija, adájọ́, rí bẹ́ẹ̀: dobar sudija, adájọ́ rere. Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni ìgbà tí àwọn adájọ́ bá pọ̀. Dobre sudije ni a sábà máa ń gbọ́, ìrísí abo, bí gbogbo wọn tilẹ̀ jẹ́ ọkùnrin. Bí a bá ṣe ń jìnnà sí orúkọ náà ni ènìyàn gan-an ń borí. Tí a bá dé ọ̀rọ̀ arọ́pò, oni, akọ ti padà sáyè rẹ̀.

Ọmọ kan, dete, kì í ṣe akọ, kì í ṣe abo: dete je došlo. Tí wọ́n bá di púpọ̀, deca su došla: su ń sọ pé wọ́n pọ̀, došla sì ní ìrísí kan náà tí obìnrin kan ṣoṣo ń lò. “Àwọn méjì” pàápàá ní ẹ̀ka. Ọkùnrin méjì jẹ́ dvojica, obìnrin méjì dve, ọkùnrin kan àti obìnrin kan dvoje.

Ibi tó rọrùn fún ọmọ Yorùbá ni ọ̀wọ̀. Vi ste došli ni à ń sọ fún ìyá àgbà, bí a ti ń wí pé “Ẹ ti dé, mà”: ìrísí akọ ọlọ́pọ̀ ni došli, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin kan là ń bá sọ̀rọ̀.

Adájọ́ obìnrin ńkọ́? Àwọn kan ń pè é ní sudija, àwọn mìíràn sutkinja. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní Serbia ní 2021 fẹ́ kí a máa lo orúkọ abo fún obìnrin. Ní 2024, ilé-ẹjọ́ òfin-ìpìlẹ̀ dá ìmúṣẹ rẹ̀ dúró. Lójú tèmi, obìnrin náà ló ni orúkọ. Kí n tó jókòó, mo máa ń bi akọ̀wé rẹ̀ léèrè èyí tó ń jẹ́.