Ilé Ahun Kò Gba Àlejò: Tọkọtaya Kan àti Ilé Àfọkọ̀fà Wọn

Ní ọjọ́ tí Bàbá Ìbejì pe àbúrò rẹ̀ ní Ìbàdàn láti ìlú Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, tí ó sì sọ fún un pé òun àti ìyàwó òun fẹ́ ra tirélà, kẹ́kẹ́ pa mọ́ àbúrò náà lẹ́nu fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí yóò fi sọ̀rọ̀, ìbéèrè ni ó fi bẹ̀rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé sìmẹ́ǹtì ni ẹ fẹ́ máa fi kó ni, àbí epo? Àwọn awakọ̀ tirélà ti ibí gan-an kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti òkè òkun." Ẹ̀rín pa Bàbá Ìbejì títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Àbúrò náà kò jẹ̀bi. Ní ilẹ̀ Yorùbá, tirélà ni ọkọ̀ ńlá akẹ́rù tí ó máa ń dí ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wí ni yàrá kékeré onítáyà méjì tí ibùsùn, ẹ̀rọ ìdáná, àga àti tábìlì wà nínú rẹ̀, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ láti fi rin ìrìn-àjò. Èdè Yorùbá kò tíì ní orúkọ kan pàtó fún un tí tọmọdé-tàgbà fẹnu kò lé lórí. Ìyá Ìbejì ni ó pè é ní "ilé àfọkọ̀fà" ní ọjọ́ kan tí inú ń bí i sí i, orúkọ náà sì dára ju tirélà lọ, nítorí pé ó sọ ohun tí nǹkan náà jẹ́, ó sì sọ ohun tí ń gbé e rìn.

Tọkọtaya yìí ti fẹ̀yìn tì. Bàbá ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ìyá, tí ó ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ọdún pípẹ́, kò jìnnà sí i. Táíwò ń gbé ní Atlanta, Kẹ́hìndé ń gbé ní Denver, ilé tí wọ́n ti tọ́ wọn dàgbà sì ti dákẹ́ rọ́rọ́. Bàbá kò fẹ́ràn òtẹ́ẹ̀lì, kò sì fẹ́ kí wọ́n máa lé àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ kúrò ní yàrá wọn nítorí tirẹ̀. Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀lé e. Ohun tí ó ń wá kò ju ìkarahun tí yóò máa tẹ̀ lé òun àti aya rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ìkarahun tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ wọ̀ kì í ṣe ti ìgbín. Ilé àfọkọ̀fà tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 26 ni, tí sófà, tẹlifíṣọ̀n ńlá àti ibùsùn ènìyàn mẹ́fà wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ń tà á fi àyà sọ̀yà pé ọkọ̀ wọn yóò fà á. Owó àsansílẹ̀ kù díẹ̀ kí ó kúrò lọ́wọ́ Bàbá nígbà tí Ìyá Ìbejì bi í pé, "Àwa méjì ni a ń lọ. Àwọn wo ni yóò sun ibùsùn mẹ́rin tó kù?" Èsì Bàbá ni pé àlejò lè dé. Ìyá ní, "Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ilé ahun kò gba ahun, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ahun kò gba àlejò." Wọ́n padà sílé láì ra nǹkan kan.

Nígbà tí wọ́n délé, Ìyá Ìbejì ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ wọn ní ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó sì ka bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara òpó ilẹ̀kùn náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa wa ọkọ̀ fún ọdún mẹ́wàá láì ka bébà yìí, bẹ́ẹ̀ ni òun gan-an ni àṣẹ tí kò gba àríyànjiyàn. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àpapọ̀ ìwúwo ènìyàn àti ẹrù inú ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ ju páùn 1,150 lọ. Ìwé tí ó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ ní tirẹ̀ sọ pé ohun tí ó lè fà kò gbọdọ̀ ju páùn 3,500 lọ, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí kílò 1,590. Ilé ńlá tí Bàbá fẹ́ rà ju páùn 5,000 lọ ní òfìfo.

Ọ̀rọ̀ "òfìfo" yìí ni ó ń fa ìbànújẹ́ fún ọ̀pọ̀ olùrajà. Ìwúwo tí àwọn oníṣòwò máa ń kọ gàdàgbà sí ìwé ìpolówó ni ti ilé tí omi kò sí nínú rẹ̀, tí kò sí gáàsì, tí kò sí ìkòkò kan ṣoṣo. Kò sì sí ẹni tí ń gbé ilé òfìfo rìn. Gálọ́ọ̀nù omi kan wúwo ju páùn 8 lọ díẹ̀. Bí wọ́n bá pọn gálọ́ọ̀nù 20 sí táǹkì, páùn bí 166 ni wọ́n dì lé ọkọ̀ lórí yẹn. Sílíńdà gáàsì kan tí ó kún lè súnmọ́ páùn 40 nígbà tí wọ́n bá ka irin rẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn èyí ni bátìrì, aṣọ, oúnjẹ àti àga ìjókòó ìta. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé iye tí ó yẹ kí olùrajà máa wò ni ìwúwo tí ilé náà kò gbọdọ̀ kọjá nígbà tí ó bá kún, kì í ṣe ìwúwo òfìfo rẹ̀. Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n sì ń kọ ohun tí wọn yóò kó dání sílẹ̀. Odó iyán ni Bàbá kọ́kọ́ kọ. Ìyá wò ó, kò wí nǹkan kan, ó fa ìlà sí i nídìí, ó sì kọ èlùbọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìṣírò kan tún wà tí ó fara sin. Ilé àfọkọ̀fà a máa gbé orí rẹ̀ lé ìkọ́ tí ó wà ní ẹ̀yìn ọkọ̀, ìwúwo orí náà sì gbọdọ̀ wà láàrin ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ẹrù rẹ̀. Bí ilé bá wúwo tó páùn 3,000 nígbà tí ó kún, páùn 300 sí 450 ni yóò jókòó lé ọkọ̀ lẹ́yìn, inú páùn 1,150 ti bébà ara ilẹ̀kùn ni wọ́n sì gbọdọ̀ ti yọ ọ́, pẹ̀lú ìwúwo ọkọ àti aya. Bí orí náà bá fúyẹ́ jù nítorí pé wọ́n di ẹrù sí ìdí, ilé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fì sọ́tùn-ún sósì bí ìgbá tí wọn kò gbé dọ́gba lórí alátẹ, ó sì lè gbé ọkọ̀ àti awakọ̀ dà sí igbó. Ẹni tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí kò gbọdọ̀ tẹ bíréèkì ọkọ̀ lójijì. Ńṣe ni kí ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, kí ó sì fi ọwọ́ fa bíréèkì ilé àfọkọ̀fà nìkan. Ọ̀nà Denver sì tún ní tirẹ̀. Ìlú náà ga ju ìpele òkun lọ ní ẹsẹ̀ bàtà 5,280. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní ẹ̀rọ tí ń fún un ní afẹ́fẹ́ kún afẹ́fẹ́ a máa pàdánù nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 1,000 tí ó bá gùn. Ọkọ̀ tí ó gbó ẹrù rẹ̀ ní Houston lè máa mí hẹlẹhẹlẹ níbẹ̀.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Wọ́n gbà pé kékeré ni, ó ku èwo nínú kékeré.

Wọ́n lọ wo Airstream onírin dídán, tí Bàbá fẹ́ràn bí ojú. Kékeré inú wọn tí ó lókìkí jù lọ, Bambi, kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1961 pẹ̀lú gígùn ẹsẹ̀ bàtà 16. Ó yẹ kí olùkọ́ èdè mọ̀ pé orúkọ yìí, gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń sọ, wá láti inú ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Angola ń pe ẹtu kékeré kan. Wally Byam tí ó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ti kó ọ̀wọ́ ilé àfọkọ̀fà gba ilẹ̀ Áfíríkà kọjá, láti Cape Town sí Cairo, ní ọdún 1959 sí 1960. Orúkọ Áfíríkà ni, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe owó ìfẹ̀yìntì. Wọ́n kí i, wọ́n sì kọjá.

Èyí tí wọ́n fi igi àti pákó pẹlẹbẹ ṣe pọ̀ lọ jàra, kò sì wọ́n. Níbí ni imú nọ́ọ̀sì ti wúlò. Bí Ìyá Ìbejì ti wọ ọ̀kan nínú àwọn tuntun ni ó jáde padà tí ó ń nu ojú. Ó rántí àwọn ilé àfọkọ̀fà tí ìjọba àpapọ̀ kó fún àwọn tí ìjì Katrina lé kúrò nílé ní ọdún 2005, tí àwọn elétò ìlera ìjọba sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 2008 pé èéfín formaldehyde inú ọ̀pọ̀ wọn pọ̀ ju bó ti yẹ lọ, láti ara pákó onílẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ wọn. Òfin ti wá ká ọwọ́ irú pákó bẹ́ẹ̀ kò láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n kò fẹ́ gbọ́. Ní tòótọ́, àléébù tí ó tóbi jù ní ara àwọn onígi ni omi òjò. Orí wọn ní oríkèé púpọ̀. Bí ọ̀kan bá là, omi yóò máa wọlé ní jẹ́jẹ́, ìgbà tí ènìyàn yóò bá sì mọ̀, igi inú ògiri ti jẹrà.

Oríṣi kẹta ni ó wọ̀ wọ́n lọ́kàn, ìyẹn àwọn tí wọ́n fi fáíbà dà bí ìgbà tí ènìyàn da búrẹ́dì sínú agolo: awẹ́ òkè àti awẹ́ ìsàlẹ̀, tí wọ́n wá lẹ̀ pọ̀ ní àárín bí igbá àti ọmọrí rẹ̀. Ray Olecko, ará Winnipeg ní Kánádà, ni ó ṣe Boler jáde ní ọdún 1968, lẹ́yìn tí ó ti kọ́kọ́ fi fáíbà kan náà ṣe táǹkì ìgbẹ́. Ọ̀nà yìí náà ni Scamp ti Backus ní Minnesota àti Casita ti Rice ní Texas tọ̀. Oríkèé wọn kò pọ̀, wọ́n fúyẹ́, wọ́n sì máa ń pẹ́. Wọ́n há, kò sí ẹni tí ó lè sẹ́ ìyẹn.

Híhá yìí ni ó dá ìjà sílẹ̀. Ibùsùn inú púpọ̀ nínú wọn gba ìbú ilé já, ẹni tí ó bá sùn ti ògiri kò lè dìde láì gun ẹnì kejì kọjá. Bàbá a máa dìde ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lóru láti tọ̀. Orúnkún Ìyá kò ṣe é gbé bọ̀rọ̀. Wọ́n ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn lọ́wọ́ nígbà tí Ìyá dédé wí pé, "Ohun kan wà tí mo fẹ́ bi yín. Bí ara yín kò bá yá ní àárín ọ̀nà, bíi ti ọdún tó kọjá, ṣé mo lè dá so ó, kí n sì wà á délé?"

Ọ̀rọ̀ náà dún Bàbá. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti dá a dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn lọ́dún tó ṣáájú, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa dárúkọ rẹ̀. Ó ní, "Ṣé o ti ń ka ọjọ́ fún mi ni?" Ìyá ní, "Ọjọ́ kọ́ ni mò ń kà. Ọ̀nà ni mò ń rò." Títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹnì kan kò bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀ nínú ilé náà.

Kò pẹ́ púpọ̀ sí i ni wọ́n gbọ́ nípa Casita àlòkù kan, ẹsẹ̀ bàtà 17, oníbùsùn méjì tí ọ̀nà wà láàrin wọn, tí ó sì ní balùwẹ̀ bíńtín tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìwúwo rẹ̀ tí ó kún kò gbọdọ̀ ju páùn 3,500 lọ. Bí wọ́n bá fi omi sílẹ̀ títí wọn yóò fi dé ibùdó, yóò dín sí ìyẹn dáadáa. Wọ́n gba ọ̀nà márosẹ̀ 45 lọ sí àríwá, ìrìn bíi máìlì 200, sí ẹ̀gbẹ́ Corsicana, nítòsí Rice tí wọ́n ti ṣe ilé náà gan-an. Obìnrin aláwọ̀ funfun kan, ìyá àgbà, ni ó ń tà á. Koríko ti hù yí táyà rẹ̀ ká. Ọkọ rẹ̀ ti kú ní ọdún méjì ṣáájú, ó ní, ó sì wu òun láti máa lò ó lọ sí ọ̀dọ̀ àbúrò òun, ṣùgbọ́n ọkọ òun ni ó máa ń so ó ní gbogbo ìgbà. Òun kò mọ̀ ọ́n so, òun kò sì bi í rí.

Bàbá Ìbejì wo koríko náà fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n yẹ abẹ́ ilé wò, wọ́n tẹ ilẹ̀ rẹ̀ bóyá ó rọ̀ níbì kan, wọ́n tan iná, wọ́n ní kí wọ́n bá wọn pààrọ̀ táyà tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá, wọ́n sì san owó. Nígbà tí ó kan àtiso, Bàbá na kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sí ìyàwó rẹ̀.

Ìyá Ìbejì fi ẹ̀yìn rìn títí ọmọ orí ìkọ́ fi wà lábẹ́ ẹnu ilé náà. Ó sọ jáàkì kalẹ̀ títí ẹnu fi gbé ọmọ orí náà mì, ó tì í pa, ó ki irin kékeré bọ ihò rẹ̀. Ó tún fi jáàkì gbé e sókè díẹ̀ láti wò ó bóyá yóò yọ; ẹ̀yìn ọkọ̀ bá a dìde, kò yọ. Ó gbé ṣéènì méjèèjì kọ ara wọn lábẹ́, kí wọ́n lè gba ẹnu náà bí ó bá já bọ́, ó so okùn bíréèkì, ó ki wáyà iná bọ̀ ọ́, ó sì ká jáàkì sókè. Ìyá àgbà náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ láì ṣẹ́jú.

Nígbà tí wọ́n dé Houston, ilẹ̀ ti ń ṣú. Ìyá ní kí Bàbá bọ́ sílẹ̀, òun ni òun yóò fi ẹ̀yìn rìn ín wọ ọgbà. Ó di ìsàlẹ̀ sítíárìn mú gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ ọ, apá ibi tí ó bá gbé ọwọ́ sí ni ìdí ilé ń lọ. Bàbá dúró sẹ́yìn, ó ń ju ọwọ́ bí ọmọ ọkọ̀ ní gáréèjì: "Máa bọ̀, máa bọ̀, ọ̀tún rẹ, ó tó!" Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó wọ́ sí orí koríko aládùúgbò. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, ó wọlé.