Àhesọ Kì Í Ṣe Àyẹ̀wò Ìtọ̀

Ní Ọ̀jọ́, ní Ìbà àti ní Òkòkòmáíkò, àwọn àsìkò kan wà nínú ọdún tí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù máa ń gbóná lẹ́nu àwọn òbí ju bó ṣe ń gbóná lẹ́nu àwọn ọmọ wọn lọ. Ìgbà náà ni a máa ń gbọ́ pé aṣojú agbábọ́ọ̀lù kan ń bọ̀ láti òkè òkun, tàbí pé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá kan fẹ́ ṣe ohun tí àwọn ọmọ ìgboro ń pè ní screening. Ìyá tó ń ta ẹja ní ọjà Ìyànà-Ìbà yóò bẹ olórí àjọ kí ó jẹ́ kí òun tètè kó tòun. Bàbá tó ń wa dánfó láti Òkòkòmáíkò lọ sí Mile 2 yóò yá owó bàtà ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Bí orúkọ àwọn tí wọ́n yàn bá sì ti jáde, ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ á bẹ̀rẹ̀. "Èyí ń fa igbó." "Tọ̀hún ò lè sáré bí kò bá lo tramadol." "Wọ́n ti yẹ ìtọ̀ tẹni yẹn wò, nǹkan wà níbẹ̀." Bí ẹ bá béèrè ẹni tó yẹ ìtọ̀ náà wò, ibi tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò àti ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ kò ní rí ẹni dá yín lóhùn.

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò lónìí. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Èyí tó ń fọ́ ní àdúgbò wa báyìí ni ọjọ́ iwájú àwọn ọmọ tí wọn kò tíì pé ogún ọdún.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwa nìkan ni irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù tiwọn tí a ń fi ọwọ́ gbé sáré, ọjọ́ kan wà lọ́dọọdún tí àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù máa ń tò tẹ̀léra wọn láti yan àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ní yunifásítì. Draft ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá ti tètè pe orúkọ ọmọ tó ni owó rẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó. Kí ọjọ́ náà tó pé, wọn á yẹ ara wọn wò, wọn á gba ìtọ̀ wọn, wọn á sì fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò ní ìkọ̀kọ̀. Ní ọdún 2007, ọmọ Nàìjíríà kan wà lára wọn, Amobi Okoye, tí ó kúrò nílé lọ sí ìpínlẹ̀ Alabama nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 12, tí ó sì di gbajúmọ̀ ní Yunifásítì Louisville. Ọmọ ọdún 19 péré ni. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà, ìròyìn jáde pé òun àti àwọn méjì mìíràn, Calvin Johnson àti Gaines Adams, ti jẹ́wọ́ fún àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò pé àwọn ti fa igbó rí. Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà. Àṣírí ni wọ́n ní kí àwọn ọmọ náà bá àwọn sọ. Ẹni tí wọ́n fi ọkàn tán ló gbé e síta. Orí bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe é, nítorí wọ́n ṣì yàn wọ́n láàárín àwọn mẹ́wàá àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ Houston Texans ló sì mú Okoye ní ipò kẹwàá. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá sọ òtítọ́ tí wọ́n wá sọ òtítọ́ rẹ̀ di ọjà títà, ṣé yóò tún la ẹnu nígbà mìíràn?

Orí kò bá Laremy Tunsil ṣe é bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2016. Gbogbo ènìyàn ló gbà pé yóò wà lára àwọn tí wọ́n máa kọ́kọ́ pè. Ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ètò bẹ̀rẹ̀ ni ẹnì kan já wọ ojú òpó Twitter rẹ̀, tí ó sì gbé fídíò kan síbẹ̀ tí ó fi hàn níbi tó ti ń fa èéfín láti inú ìbòjú. Àwọn ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fò ó kọjá. Ipò kẹtàlá ni Miami Dolphins tó mú un, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là sì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Òun fúnra rẹ̀ kò sẹ́ pé òun ni ó wà nínú fídíò náà. Síbẹ̀, ẹni tó tọ́jú fídíò náà pa mọ́ títí di ìṣẹ́jú tí yóò ba nǹkan jẹ́ jù lọ kò ṣe é nítorí ìlera ọmọ náà. Bí ó bá jẹ́ pé ìfẹ́ rẹ̀ ló ní, yóò ti pè é sí kọ̀rọ̀ tipẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo bí àyẹ̀wò tòótọ́ ṣe ń rí, kí a lè mọ ìyàtọ̀. Bí àwọn tó ń gbógun ti lílo oògùn nínú eré ìdárayá bá fẹ́ yẹ ẹnì kan wò, yóò tọ̀ sínú ife lójú ẹlẹ́rìí. Wọn á pín ìtọ̀ náà sínú ìgò méjì, A àti B, wọn á dì í pa, wọn á sì kọ nọ́ńbà sí i lára. Orúkọ ẹni tó ni ín kò gbọdọ̀ hàn sí àwọn tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n bá rí nǹkan nínú ìgò A, oníǹkan ní ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n ṣí ìgò B lójú òun tàbí lójú aṣojú òun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó máa gbọ́ tẹnu rẹ̀. Gbogbo wàhálà yìí wà nítorí pé àwọn tó ṣe òfin mọ̀ pé ènìyàn lè ṣìṣe, ẹ̀rọ lè ṣìṣe, ọ̀tá sì lè fọwọ́ sí i.

Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀ náà, àṣìṣe ṣì ń wọlé. Ní ọdún 2016, wọ́n rí ohun kan nínú ìtọ̀ Mamadou Sakho, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Senegal, tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Liverpool nígbà náà. UEFA dá a dúró fún ọgbọ̀n ọjọ́. Ó pàdánù àṣekágbá Europa League, kò sì sí lára àwọn tó gbá Ife Yúróòpù tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ gbàlejò lọ́dún náà. Nígbà tó di oṣù Keje, UEFA fagi lé ẹjọ́ náà, nítorí pé ohun tó lò kò sí nínú àkọsílẹ̀ ohun tí a kà léèwọ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, àjọ WADA tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì san owó ìtanràn fún un. Bí àyẹ̀wò tó ní ìgò méjì, tó ní ilé ẹjọ́, bá lè ṣi ọ̀nà tó báyìí, kí ni kí a ti wí nípa ohùn tí ẹnì kan ká sórí WhatsApp ní Àjàngbádì?

Ní ilé wa níbí, a rí bí ọ̀rọ̀ oògùn ṣe máa ń da àwọn ènìyàn lójú rú ní ọdún 2021. Àwọn eléré ìje Nàìjíríà mẹ́wàá ni wọn kò jẹ́ kí wọ́n kópa nínú Òlíńpíìkì Tokyo. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ ni pé "wọ́n mú wọn pẹ̀lú oògùn". Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òfin ni pé kí wọ́n ti yẹ eléré orílẹ̀-èdè tó wà ní ìsọ̀rí tiwa wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìròtẹ́lẹ̀, láàárín oṣù mẹ́wàá ṣáájú ìdíje. Wọn kò yẹ àwọn ọmọ náà wò tó bẹ́ẹ̀, ètò àwọn aláṣẹ ló sì kùnà. Àwọn ọmọ náà gbé páálí sókè ní Tokyo, wọ́n ń fi ẹ̀hónú hàn. Ní ọjọ́ díẹ̀ sí ìgbà náà ni ìròyìn Blessing Okagbare jáde, ẹni tí àyẹ̀wò rẹ̀ gbé ohun èèwọ̀ jáde ní tòótọ́, tí wọ́n sì fi òfin dè é fún ọdún mẹ́wàá ní 2022. Ẹnu ayé da ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Títí di òní, mo ṣì ń pàdé àwọn ọ̀mọ̀wé tó gbà pé gbogbo wọn ni wọ́n bá oògùn lára wọn.

Mo padà sí àdúgbò wa. Ọmọkùnrin kan wà ní òpópónà tí mo ń gbé ní Ìbà, ìyá rẹ̀ ń dín àkàrà. Ọmọ ọdún 17 ni, apá òsì ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ tó ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, ti yàn án mọ́ àwọn tí wọ́n máa kó lọ sí Abẹ́òkúta kí àwọn àlejò kan lè wò wọ́n. Ní alẹ́ ọjọ́ tó kù dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n lọ, ohùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti orí fóònù dé orí fóònù pé wọ́n ti yẹ ọmọ náà wò, wọ́n sì bá tramadol. Ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ ẹ́ wò rí láyé rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kan ilẹ̀kùn mi ní aago márùn-ún ìdájí. Ó ní, "Bọ̀dá akọ̀ròyìn, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ojú lásán ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó ń lo oògùn ni?" Mo ní, "Rárá, Màmá. Ìtọ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n." Ó mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò, ó fi owó ẹ̀wà àkàrà ọ̀sẹ̀ náà san án. Èsì jáde: kò sí nǹkan kan. Ọkọ̀ ti lọ. Ọ̀gá tó ń darí ẹgbẹ́ náà wí fún un pé àwọn kò sọ pé ọmọ rẹ̀ ń lo nǹkan o, àwọn kò kàn fẹ́ ìtàn ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, àwọn tó gbé ohùn náà kiri ti ní òmíràn láti sọ: wọ́n ní ó ti fi omi ṣan ara rẹ̀ kó tó lọ ṣe àyẹ̀wò.

Ohun tó mú kí àhesọ burú ju àyẹ̀wò tó le jù lọ rèé. Àyẹ̀wò lè dá ènìyàn láre. Àhesọ kì í dáni láre láé, nítorí ẹ̀rí tó bá tako ó, oúnjẹ ni ó máa ń sọ ọ́ dà. Ojú ọmọ pọ́n nítorí eruku pápá àti èéfín jẹnẹrétọ̀, wọ́n ní igbó ni. Ó ta irun rẹ̀ mọ́ra, wọ́n ní igbó ni. Ó bá àwọn ọmọ ìta kí ara wọn ní ìdíkọ̀, níbi tí kò sí ẹni tó lè kọjá láìkí wọn, wọ́n ní ọmọ wọn ni.

Síbẹ̀, n kò ní tan yín jẹ. Oògùn olóró wà láàárín wa. Ìwádìí tí àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè wa àti àjọ UNODC ṣe ní 2018 fi hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn, láti ọmọ ọdún 15 sí 64, ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Ọdún yẹn náà ni ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe àti kíkó oògùn ikọ́ oníkódíìnì wọlé. Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù kò yọ sílẹ̀. Ẹni tó ń sáré lórí ilẹ̀ líle lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, tí orúnkún ń ro, tí kò ní dókítà, tó sì gbọ́ pé kóró kan wà tí í mú ìrora lọ, ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa já sí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2024 ni WADA ti ka tramadol léèwọ̀ ní ọjọ́ ìdíje. Ọmọ tó bá ti mọ́ lára tó sì bọ́ sí òkè òkun yóò rí ìjà tí kò mọ̀ pé òun bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà gan-an ni àhesọ fi jẹ́ ọ̀tá wa. Ó ń lé ọmọ tí kò ṣe nǹkan kan kúrò, ó sì ń jẹ́ kí ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́ sá pamọ́, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá la ẹnu, fóònù ni ọ̀rọ̀ òun máa bá dé ilé. Ẹ sì wo àwọn tó ń jèrè níbẹ̀: ẹni tó fẹ́ kí ọmọ ẹ̀gbọ́n òun gba ipò tó ṣófo, aṣojú tí ọmọ kọ̀ láti bá tọwọ́ bọ̀wé, àti ẹni tó máa wá bá ìyá ọmọ ní kọ̀rọ̀ pé bó bá lè wá nǹkan, òun á bá a pa ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìwé ìròyìn, olóòtú kan wà tí kì í gba ìròyìn ẹ̀sùn lọ́wọ́ wa láìbi wá ní ìbéèrè mẹ́ta: ta ló rí i, ìwé wo ló wà, kí ni ẹni tí ẹ ń fi ẹ̀sùn kàn sọ? Bí ọ̀kan bá ṣófo, inú àpótí ni ìròyìn náà máa sùn. Mo fẹ́ kí àwọn òbí ní Ọ̀jọ́ gba ìbéèrè mẹ́ta yìí bí ohun ìní. Ẹ̀yin olùdarí ẹgbẹ́, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ ń lo oògùn, ẹ yẹ gbogbo wọn wò ṣáájú kí ẹ tó kọ orúkọ jáde, ẹ jẹ́ kí òbí wọn mọ̀ kí wọ́n sì fọwọ́ sí i, kí èsì wà láàárín ọmọ, òbí àti dókítà. Ẹni tí ẹ bá bá nǹkan lára rẹ̀, ìtọ́jú ni kí ẹ kọ́kọ́ wá fún un. Èyí tó bá sì mọ́, ẹ ní ìgboyà láti dúró tì í nígbà tí ohùn bá dé.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, iṣẹ́ tiwa ló kéré jù nínú gbogbo rẹ̀. Bí ohùn bẹ́ẹ̀ bá dé orí fóònù yín, ẹ bi ẹni tó fi ránṣẹ́ pé ìwé dà. Bí kò bá sí ìwé, ẹ pa á rẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ọmọ náà lè má jẹ́ tiyín lónìí. Àwọn ọmọ tiyín náà ń dàgbà bọ̀.