Pápá Ni Ilé Eré

Èdè wa ní ọ̀rọ̀ kan tí ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàrin bàbá àti ọmọ. Ọ̀rọ̀ náà ni eré. Ohun tí àwọn ọmọdé ń ṣe lábẹ́ òṣùpá, eré ni; ohun tí ẹṣin ń sá, eré ni; ohun tí àwọn òṣèré ń ṣe lórí ìtàgé, eré náà ni. Nítorí náà, nígbà tí mo sọ fún àbúrò bàbá mi ní Òkukù pé mo fẹ́ gba Peugeot 504 rẹ̀ àtijọ́, kí n tún un ṣe fún eré, eré ẹṣin ni èmi ń sọ, eré òṣùpá ni òun ń gbọ́.

"Mọ́tò tí ó sanwó ilé-ìwé rẹ," ni Bàbá wí, "ni o fẹ́ sọ di ohun ìṣeré?"

N kò lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, nítorí òótọ́ ni ó sọ. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni Bàbá fi mọ́tò yẹn ṣe takisí láti Òkukù, kí ó gba Inísà kọjá, kí ó já sí Ìkìrun, kí ó sì gbéra lọ sí Òṣogbo. Èrò méjì níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn, iṣu àti àpò gàrí nínú búùtù. Nígbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ó wa mọ́tò náà sí abẹ́ igi máńgòrò, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí abẹ́ ìrọ̀rí. Adìẹ nìkan ni ó kù tí ń wọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi tí ẹ kò bá irú mọ́tò yìí lójú títì, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa rẹ̀. Ọdún 1968 ni àwọn Faransé mú Peugeot 504 jáde, ní 1969 ni wọ́n sì dá a lọ́lá gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ọdún náà ní Yúróòpù. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilẹ̀ wa. Nígbà tí àwọn Faransé fi máa dáwọ́ títo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ náà dúró ní 1983, Kàdúná ṣì ń bá a lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 1975 yẹn kan náà, Ove Andersson, ọmọ ilẹ̀ Sweden, fi 504 gba ipò kìn-ín-ní nínú eré Safari ní Kẹ́ńyà. Ní 1978, Jean-Pierre Nicolas, ọmọ Faransé, fi irú rẹ̀ tí ó ní sílíńdà mẹ́fà gba Safari, ó sì tún fi gba ti Côte d'Ivoire lọ́dún kan náà. Erùpẹ̀, òjò àti ẹrọ̀fọ̀ ni wọ́n gbà kọjá. Nítorí náà, kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ rí eré nínú mọ́tò takisí.

Mọ́tò tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń tì ni 504. Iwájú ni ẹ́ńjìnnì wà, ṣùgbọ́n irin gígùn kan gba abẹ́ mọ́tò gbé agbára rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ iwájú ń darí, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń tì, bí ìgbà tí ẹnì kan ń fa okùn ewúrẹ́ tí ẹlòmíràn sì ń tì í nídìí. Adùn rẹ̀ nìyẹn, ewu rẹ̀ náà sì nìyẹn. Bí awakọ̀ bá tẹ iná mọ́ ọn jù nínú kọ́nà, ìdí mọ́tò yóò fẹ́ ṣáájú orí rẹ̀. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n yóò yí ọwọ́ sí ìhà tí ìdí ń lọ, kò sì ní já ẹsẹ̀ kúrò lójijì. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò bá ara rẹ̀ nínú kòtò.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti rí bí a ṣe ń kọ́ irú ìmọ̀ yìí láìpa ara ẹni. Mo wà níbẹ̀ lẹ́nu ẹ̀kọ́ nígbà tí ọmọ Yorùbá kan tí a jọ ń gbé mú mi lọ sí pápá Brands Hatch ní Kent. Ìdíje kọ́ ni wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ náà. Àwọn ènìyàn san owó, wọ́n wa mọ́tò ara wọn wá. Kí ẹnikẹ́ni tó wọ pápá, wọ́n pe gbogbo wọn jọ, wọ́n sì ka òfin fún wọn: kí olúkúlùkù dé akoto, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ya ẹlòmíràn sílẹ̀ àfi níbi tí a ti gbà á láyè, tí ẹni iwájú sì ti yọ̀ǹda, bí àsíá pupa bá jáde, kí gbogbo wọn rọra padà wálé. Kò sí ẹni tí ń ka ìṣẹ́jú, kò sí ife ẹ̀yẹ. Ẹni tí ó bá yà kúrò lójú ọ̀nà, òkúta wẹ́wẹ́ ni yóò gbà á dúró, kì í ṣe igi, kì í ṣe ìyá oníṣu.

Nígbà tí mo padà dé ilé, ohun tí mo bá kò jọ èyí. Ọmọ ọmọ Bàbá, ọmọ ogún ọdún tí ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà ní Inísà, ti wọ ẹgbẹ́ àwọn tí ń fi mọ́tò jó níbi ìsìnkú. Bí òkú àgbà bá ti wọlé lọ́jọ́ Sátidé, wọn a gbé ògbólógbòó mọ́tò jáde, wọn a máa yí i po lójú títì títí táyà yóò fi rú èéfín. Bí ilẹ̀ bá sì ṣú, wọn a máa bá ara wọn sáré láàrin Inísà àti Òkukù. Nítorí èyí, wọ́n ti fi iná wẹ́dà jó àwọn eyín inú ìdí mọ́tò pọ̀. Iṣẹ́ àwọn eyín wọ̀nyí ni láti jẹ́ kí ẹsẹ̀ òde lè yí ju ẹsẹ̀ inú lọ nínú kọ́nà, nítorí ọ̀nà tirẹ̀ ni ó jìn jù. Bí a bá jó wọn pọ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì di ọ̀kan, ìdí mọ́tò a sì máa yọ̀ bí a ti fẹ́. Ṣùgbọ́n mọ́tò kan náà ni wọ́n ń wà lọ sí ọjà nínú òjò lọ́jọ́ Ajé.

N kò bú wọn, nítorí mo mọ̀ pé irú àṣà yìí ti rí ọ̀nà ìyè níbòmíràn. Ní Soweto ní South Africa, ibi ìsìnkú ni yíyí mọ́tò po ti gbilẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Lónìí ó ti di eré ìdárayá tí ó ní pápá, akoto àti òfin tirẹ̀, BMW àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Gusheshe sì di gbajúmọ̀ níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò pa eré àwọn ọ̀dọ́ náà. Ilé ni wọ́n kọ́ fún un.

Ohun tí mo wá sọ fún Bàbá lẹ́ẹ̀kejì nìyí. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Kì í ṣe èmi nìkan ni mo fẹ́ mọ́tò yìí fún. Ọmọ yín ń sáré lóru. Ẹ jẹ́ kí a fún un ní mọ́tò tí yóò fọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe, kí ó lè mọ ohun tí eré jẹ́."

Bàbá dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ gbé e. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi hàn mí pé ó lè dúró. Ẹni tí ó bá mọ ìdúró ni mo lè fi eré lé lọ́wọ́."

Bí a ṣe fa mọ́tò lọ sí Ìkìrun nìyẹn. Ọ̀gá mẹkáníìkì tí ó gbà á lọ́wọ́ wa rẹ́rìn-ín nígbà tí ó gbọ́ májẹ̀mú Bàbá. Ó ní, "Tíṣà, gbogbo àwọn tí ń wá síbí, ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń bèèrè. Ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ bèèrè bíréèkì."

Ohun àkọ́kọ́ tí a ṣe ni yíyọ ohun tí Bàbá ti fi kún un. Nítorí ẹrù, ó ti ki rọ́bà líle sínú àwọn sípíríǹgì ẹ̀yìn, kí ìdí mọ́tò má baà wọ́ nílẹ̀. Ọgbọ́n ni èyí nígbà tí ènìyàn mẹ́fà àti àpò gàrí wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò bá ṣófo, ìdí tí ó ga tí ó sì le bẹ́ẹ̀ kì í di ilẹ̀ mú. Mo wá rí i pé Bàbá náà ti ń tún mọ́tò ṣe kí a tó bí mi. Ó ń tún un ṣe fún oúnjẹ, àwa ń tún un ṣe fún eré, iṣẹ́ ọwọ́ kan náà ni.

Lẹ́yìn èyí ni a kan bíréèkì. A pààrọ̀ padi iwájú àti láínìn ẹ̀yìn, a pààrọ̀ àwọn rọ́bà tí omi bíréèkì ń gbà, a sì da omi náà fúnra rẹ̀ nù. Omi bíréèkì a máa fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Irú èyí tí a ń pè ní DOT 4 kò gbọdọ̀ hó kí ó tó dé ìwọ̀n 230 ti Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì nígbà tí ó bá jẹ́ tuntun. Bí omi bá ti wọ̀ ọ́, ó lè hó ní 155. Bí ó bá ti hó, afẹ́fẹ́ ni ẹsẹ̀ awakọ̀ yóò máa tẹ̀. Nígbà tí a dé orí táyà, a kọ tókúnbọ̀ sílẹ̀. Ọmọ náà kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé a kọ ọjọ́ orí táyà sí i lára: nọ́ńbà mẹ́rin, méjì fún ọ̀sẹ̀, méjì fún ọdún. Ó lọ ka ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó bá 2309 lára ọ̀kan, ìyẹn ni pé wọ́n ṣe é ní ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2009. Ó padà wá láìsọ̀rọ̀.

Ní Inísà, a yọ àga ẹ̀yìn, a sì kọ́ ilé irin sínú mọ́tò, èyí tí yóò dáàbò bo orí awakọ̀ bí mọ́tò bá yí. Ọmọ náà dábàá páìpù omi, nítorí pé kò wọ́n. Ọ̀gá rẹ̀ ní rárá: páìpù omi ní ojú ìsopọ̀ tí ó lè là, èéfín síńkì tí wọ́n fi bò ó lára a sì máa ṣe wẹ́dà ní ibi. Irin tí kò lójú ìsopọ̀ ni òfin eré àgbáyé bèèrè, èyí tí ó bá sì jẹ́ òpó àárín gbọ̀ngbọ̀n gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 45, kí ó nípọn tó 2.5. Èkó ni a ti rí i rà. Oṣù méjì ni ọmọ náà fi jó o, ọ̀gá rẹ̀ sì mú un tú ojú jíjó mẹ́ta palẹ̀ kí ó tún wọn jó.

Ẹ́ńjìnnì ńkọ́? A fọ rédíétọ̀, a pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì àti ọ́ìlì, a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Pápá amọ̀ kan wà létí Inísà tí onílẹ̀ rẹ̀ yọ̀ǹda fún wa. Ibẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ dán mọ́tò wò kí a tó ṣe iṣẹ́ bíréèkì: láti orí eré kìlómítà 60 ní wákàtí kan, mítà 29 ni ó gbà kí ó tó dúró, ó yà sí òsì, nígbà kẹrin ẹsẹ̀ bíréèkì sì wọlẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ parí, a gbé àga fún Bàbá létí pápá náà. Mítà 23 ni ó gbà, ó sì dúró gbọọrọ. Inú wa dùn. Bàbá ní, "Bíréèkì tí ó mú lẹ́ẹ̀kan, oríire ni. Ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá." Ọmọ náà ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá; ẹ̀kẹwàá gba mítà 24.

Mo bá ọmọ náà ṣe ìṣirò lórí ilẹ̀. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ọ̀nà ìdúró di ìlọ́po mẹ́rin. Èyí tí ó gba mítà 23 ní 60 yóò gba 92 ní 120, a kò sì tíì ka mítà 33 tí mọ́tò yóò ti lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan kí ẹsẹ̀ tó kan bíréèkì. Ó wo ilẹ̀ náà, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, iná mọ́tò wa kì í tàn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ lóru." Bàbá, ẹni tí kò mọ ìwé, ní òun ti mọ èyí láti ọjọ́ tí òun ti ń wa ọkọ̀, ìdí nìyẹn tí òun fi máa ń gba oorun dípò eré òru.

Ṣùgbọ́n Bàbá bi wá ní ìbéèrè kan tí kò tíì ní ìdáhùn: "Níbo ni ẹ ó ti máa sá a?" Pápá tí a yá fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó ìdúró, áḿbọ̀sìbọ́sí eré. Àwa tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga mọ bí a ti ń sọ̀rọ̀ lórí ìwà àwọn ọ̀dọ́. A fi orúkọ burúkú pe eré wọn, a kò sì fi ilẹ̀ kankan hàn wọ́n. Kò gba ọ̀pọ̀ ohun: ilẹ̀ gbalasa, táyà àtijọ́ tí a fi sàmì kọ́nà, ẹni tí yóò ka òfin, nọ́ọ̀sì kan àti ohun ìpaná. Ìlú tí ó mọ̀ pé eré ẹṣin kì í ṣe láàrin ọjà kò yẹ kí èyí ṣòro fún.

Ọmọ náà kò tíì kúrò nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, n kò sì fẹ́ pa irọ́ pé ó ti kúrò. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, méjì nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wa mọ́tò wọn wá bá ọ̀gá mẹkáníìkì ní Ìkìrun, ọ̀gá náà sì rán ìṣẹ́ sí mi pé kí n wá gbọ́ ohun tí etí òun gbọ́. Wọn kò bèèrè ẹ́ńjìnnì. Omi bíréèkì ni wọ́n ní kí ó bá àwọn pààrọ̀.