Ìbejì Tí Ayé Kò Mọ̀

Nínú Her Story, géèmù orí kọ̀ǹpútà tí Sam Barlow gbé jáde ní 2015, kò sí ìbọn, kò sí eré sísá. Fídíò obìnrin kan tí àwọn ọlọ́pàá ń fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ní 1994 ni à ń wò, nítorí wọ́n pa Simon ọkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ni a ó tẹ̀. Fídíò tí ó bá ti sọ ọ̀rọ̀ náà yóò yọ, márùn-ún péré lẹ́ẹ̀kan. (Irú eré tèmi nìyẹn!)

Ẹnu àwọn tí ó ti ṣe é kò kò. Àwọn kan ní ìbejì ni, Hannah àti Eve. Àwọn mìíràn ní ẹyọ ẹnì kan ni, àìsàn ọpọlọ ni ó sọ ọ́ di méjì. Inú bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kan pé géèmù náà kò dá ẹjọ́. Ó kàn bèèrè ní ìparí bóyá ọ̀ràn náà yé wa. Èmi tí Lápàdé inú Àjà Ló Lẹrù (1969) kọ́ ní bí a ti ń lépa ọ̀daràn mọ ohun tí ó ń dùn wọ́n.

Síbẹ̀, ìbejì ni mo fara mọ́. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, àwọn baba wa a máa gbẹ́ ère rẹ̀, wọn a sì máa tọ́jú rẹ̀. Èyí tí wọ́n wá fi pamọ́ sí òkè àjà láàyè ńkọ́? Ó ṣòro fún mi láti pè é ní àìsàn ẹlòmíràn.