Ọ̀dà Bọ́ńpà Ọkọ̀ Bàbá Mi

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń pa òwe yìí, mo sì ti kọ ọ́ sínú àròkọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà nítorí pé ó máa ń dùn mọ́ olùkọ́ nínú. Síbẹ̀ kò yé mi yékéyéké títí di ọjọ́ tí bọ́ńpà ọkọ̀ bàbá mi fọ́ ní ọ̀nà Páíkò, tí èmi àti bàbá mi sì ní láti pinnu irú ọ̀dà tí a ó fi kun èyí tí a fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé mi lè máa bi ara yín léèrè pé kí ni ọ̀dà bọ́ńpà ń wá nínú ìwé àtìgbàdégbà ti ẹ̀ka èdè Yorùbá. Ẹ fara balẹ̀, ẹ bá mi ká lọ. Ọ̀rọ̀ náà ju ọ̀dà lọ.

Ìlú Minna ni a bí mi sí. Àwọn Yorùbá ti ń gbé ìlú yìí láti ayé ọkọ̀ ojú irin, kí ó tó di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Niger ní ọdún 1976. Iṣu ni bàbá mi ń tà. Yóò lọ rà á ní Páíkò àti ní àwọn abúlé Gbàgyí tí ó yí i ká, yóò sì fi ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan kó o wá sí ọjà. Ọkọ̀ náà ti gbó, ṣùgbọ́n òun ni ó tọ́ wa dàgbà, òun náà ni ó ń san owó kọ́lẹ́ẹ̀jì mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, agbo màlúù já sí ojú títì lójijì. Bàbá mi tẹ bíréèkì, ọkọ̀ yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó sì fi iwájú sọ òkìtì. Ọlọ́run yọ ọ́, kò fara pa, ṣùgbọ́n bọ́ńpà oníke tí ó bá ọkọ̀ náà wá láti ilé iṣẹ́ fọ́ yángá.

Àwọn àgbà yóò rántí pé ní ayé Peugeot 504, èyí tí a bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná ní ọdún 1975, irin dídán ni bọ́ńpà. Ike ni ó pọ̀ jù lọ lóde òní. Ike fúyẹ́, ó sì máa ń fara gba ìkọlù díẹ̀ kí ó tó kan ara ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń fi ojoojúmọ́ rin ọ̀nà olókùúta kì í fẹ́ ra ike lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá mi gba ọ̀dọ̀ wẹ́dà lọ, wẹ́dà sì fi irin jó bọ́ńpà tuntun fún un. Ó lágbára, ó sì wúwo, ṣùgbọ́n ìhòòhò ni. Ọyẹ́ ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, òjò kò ní pẹ́ dé, kò sì sí ẹni tí kò mọ ohun tí òjò ń fi ojú irin ìhòòhò rí. Bí a kò bá tètè wá nǹkan bò ó, yóò dógùn-ún kí iṣu tuntun tó jáde.

Ọ̀dọ̀ Bàbá Pẹ́ńtà ni bàbá mi fẹ́ gbé e lọ. Ọmọ Bídà ni Bàbá Pẹ́ńtà, Nupé sì ni, ṣùgbọ́n ó gbọ́ Yorùbá bí ẹni tí a bí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lẹ́yìn tí mo parí ilé-ìwé girama, tí n kò ì tíì rí àyè wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo lọ ń ṣiṣẹ́. Òun ni ó kọ́ mi bí a ṣe ń fi pépà ìyúnrin ha ara ọkọ̀, bí a ṣe ń fi ìwé ìròyìn bo gíláàsì, àti bí a ṣe ń po ọ̀dà mọ́ tínà. Oúnjẹ rẹ̀ ni mo ń jẹ.

Ṣùgbọ́n èmi ti kàwé dé, mo sì ti rí ohun tuntun. Mo sọ fún bàbá mi pé ọ̀dà ìyẹ̀fun ni ó yẹ bọ́ńpà onírin. Ọ̀dà yìí kò ní omi, kò sì ní tínà. Ó gbẹ, ó sì kúná bí èlùbọ́ tí a fi asẹ́ jọ̀. Ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Erwin Gemmer wà lára àwọn tí ó pilẹ̀ iṣẹ́ náà ní àwọn ọdún 1950. Fífi ìbọn fọ́n ọn dé ní àwọn ọdún 1960. A ó fi wáyà so irin mọ́ ilẹ̀; ìbọn yóò fi iná mànàmáná sí ara ìyẹ̀fun bí ó ti ń jáde, ìyẹ̀fun yóò sì lọ lẹ̀ mọ́ irin fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó gbé irin sínú ààrò ńlá tí ooru rẹ̀ tó 180 sí 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 sí 20. Níbẹ̀ ni ìyẹ̀fun yóò ti yọ́, tí yóò ṣàn pọ̀, tí yóò sì le. Ó máa ń nípọn ju ọ̀dà olómi lọ, kì í sì í tètè bó. Òun ni ó wà lára ọ̀pọ̀ fèrèsé alumíníọ̀mù tí a ń rí káàkiri ìlú.

Bí mo ti sọ gbogbo èyí tán, mo fi àsọdùn kan kún un. Mo ní iṣẹ́ Bàbá Pẹ́ńtà ti di iṣẹ́ àtijọ́. N kò mọ̀ pé ọkùnrin náà ti wọlé, pé ó ń bọ́ bàtà ní ẹnu ọ̀nà.

Kò bínú. Ó jókòó, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ìwé ni kò jẹ́ kí o yẹ irin náà wò kí o tó dá ẹjọ́ rẹ̀?" Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ìgbéraga kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ kejì mo wọ mọ́tò lọ sí Àbújá, níbi tí ilé iṣẹ́ kan wà tí ó ń fi ọ̀dà ìyẹ̀fun kun ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Mo ya àwòrán bọ́ńpà náà dání. Ọ̀gá ibẹ̀ ṣe mí dáadáa, ó sì fi iṣẹ́ hàn mí. Ohun tí ó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Irin ni àbí ike?" Ó ní bí ó bá jẹ́ ike, kí n máa gbé e lọ, nítorí pé ike bọ́ńpà yóò rọ̀ yóò sì yọ́ nínú ààrò kí ọ̀dà tó jinná. Ọ̀dà olómi ni ti ike, tòun ti ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí a ṣe fún ike. Ìbéèrè rẹ̀ kejì ni ó já mi ní tàn-án-ní: "Ṣé wẹ́dà yín fi pọ́tì sí i?"

Mo rántí. Wẹ́dà ti fi pọ́tì dí àwọn ihò ojú ibi tí ó jó, kí ó lè dán. Ọ̀gá náà ṣàlàyé pé pọ́tì lásán kì í fara da ooru ààrò, pé afẹ́fẹ́ tí ó há sínú ihò yóò sì máa hó jáde láti inú ọ̀dà, tí yóò fi ojú rẹ̀ ṣe bí ojú àkàrà. Ó ní a ní láti ha gbogbo rẹ̀ kúrò, kí a tún un jó, kí a sì fi iyanrìn fẹ́ irin náà títí yóò fi mọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ òun. Nígbà tí mo ro iye owó rẹ̀ pọ̀ mọ́ owó mọ́tò àlọ àti àbọ̀, ó ju ìlọ́po mẹ́ta ohun tí Bàbá Pẹ́ńtà fẹ́ gbà. Ibi kan ṣoṣo ni owó náà sì ti lè jáde: inú àpótí ìyá mi, níbi tí ó ń tọ́jú owó kọ́lẹ́ẹ̀jì mi sí.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Lójú ọ̀nà bí mo ti ń padà sí Minna, mo ṣì ń wá ọ̀nà tí n ó fi ní kí wọ́n ná an. Kì í ṣe nítorí bọ́ńpà, bí kò ṣe kí n má baà jẹ̀bi.

Ní alẹ́, bàbá mi gbọ́ àlàyé mi tán, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Àyìndé, o ṣeun tí o lọ wádìí. Ìbéèrè kan ni mo ní. Bí òkúta bá fò ní ọ̀nà Páíkò tí ó ha ọ̀dà náà ṣí, ta ni yóò tún un ṣe fún mi, níbo sì ni?"

Mo fẹ́ dáhùn, n kò rí èsì. Òótọ́ ni pé ọ̀dà ìyẹ̀fun kì í tètè bó. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ṣí, omi yóò wọ abẹ́ rẹ̀, irin yóò sì máa dógùn-ún nísàlẹ̀ nígbà tí ojú òkè ṣì ń dán. Láti tún un kùn bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, a ní láti bó gbogbo rẹ̀ kúrò, kí a sì dá a padà sínú ààrò. Ọ̀dà olómi ń tètè ha ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n pépà ìyúnrin, búrọ́ọ̀ṣì àti agolo ọ̀dà kékeré ti tó láti tún un ṣe, àní ní abẹ́ igi ní abúlé. Ọkọ̀ ẹni tí ń gbé Àbújá lè yẹ fún ọ̀dà ìyẹ̀fun. Ti bàbá mi, ọ̀dà tí a lè tún ṣe ni ó yẹ ẹ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Èmi mọ ọ̀dà. Bàbá mi mọ ọ̀nà.

Ní òwúrọ̀ mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Pẹ́ńtà. Ó gbé mi dìde, ó sì wú ikọ́. Ikọ́ náà kò tètè dáwọ́ dúró. Ó pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ikọ́ yìí, láti ayé tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀, n kò sì fi ìgbà kankan ro ohun tí ó fà á. N kì í ṣe dókítà, n kò lè sọ orísun rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé hádínà tí a ń pò mọ́ kílíà sábà máa ń ní èròjà kan tí a ń pè ní isocyanate, tí fífa á símú lè fa ikọ́ sémìísémìí fún ẹni tí ń fi í ṣiṣẹ́. Mo sì mọ̀ pé áńkáṣíìfù ni Bàbá Pẹ́ńtà ń dì mọ́ imú. Ọ̀dà ìyẹ̀fun kò ní tínà, kò sì ní hádínà yìí. Ibi tí ó ti sàn jù nìyẹn, èmi kò sì fi ẹnu kàn án nígbà tí mo ń jà fún un. Bọ́ńpà ni mo ń rò. N kò ro ẹni tí yóò kùn ún.

Mo fi ìyókù owó tí mo mú lọ sí Àbújá ra ìbòmú onígò èédú fún un. Mo sọ fún un pé kò ní ààbò pípé, pé èyí tí ń fa afẹ́fẹ́ mímọ́ wá láti ìta ni ó dára jù, ṣùgbọ́n pé ó sàn fíìfíì ju áńkáṣíìfù lọ. Mo tún bẹ̀ ẹ́ kí ó gbé iṣẹ́ jáde sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kí ó sì lọ rí dókítà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwé rẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúlò."

Àwa méjèèjì ni a jọ kun bọ́ńpà náà. A ha pọ́tì wẹ́dà kúrò, wẹ́dà sì tún àwọn ihò náà jó, nítorí ìkìlọ̀ ọ̀gá Àbújá. A yún irin títí ó fi funfun, a fi tínà nù ún kí òróró má baà kù, a fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ epoxy bò ó, a kun ọ̀dà dúdú lé e, a sì fi kílíà parí rẹ̀. Òjò kan ti kọjá lórí rẹ̀ báyìí. Òkúta ti ha á ní ibi mẹ́ta. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ni ó tún un ṣe ní ọjọ́ Àìkú kan, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì àti agolo tí Bàbá Pẹ́ńtà fún un. Owó kọ́lẹ́ẹ̀jì mi kò dín.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, láìpẹ́ a ó lọ dúró níwájú àwọn ọmọ ní abúlé àti ní ìlú. Púpọ̀ nínú ohun tí a kọ́ níhìn-ín jẹ́ òtítọ́, bí òtítọ́ ti wà nínú gbogbo ohun tí mo sọ nípa ọ̀dà ìyẹ̀fun. Ṣùgbọ́n kí a tó la ẹnu, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ irin wò, kí a béèrè ọ̀nà tí ọkọ̀ ń rìn, kí a sì tẹ́tí sí ikọ́ ẹni tí ń ṣiṣẹ́ níwájú wa. Bàbá Pẹ́ńtà ti lọ rí dókítà. Ikọ́ náà kò ì tíì lọ tán, ṣùgbọ́n ìbòmú kì í kúrò ní imú rẹ̀ mọ́.